Ṣé O Mọ̀? HIV, Oògùn Rẹ̀ àti Ẹnu Aráyé

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kéde fún gbogbo Nàìjíríà pé éèdì ló pa Fẹlá Aníkúlápò-Kútì kì í ṣe ọ̀tá Fẹlá, tí kì í sì í ṣe àwọn ológun tó ti ń gbé e jù sẹ́wọ̀n látọdúnmọ́dún? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú, ní ẹni ọdún 58. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: ọkàn àbúrò òun ló daṣẹ́ sílẹ̀, éèdì ló sì fà á.

Bí o bá ti gbọ́njú nígbà náà, wàá rántí bí wọ́n ṣe ń kéde òkú. Rédíò á ní ẹni náà jẹ́ Ọlọ́run nípè “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́”. Àìsàn ránpẹ́ yẹn lè ti gba ọdún mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè, torí gbogbo èèyàn ti mọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdílé ńlá ni ti Ransome-Kuti l’Ábẹ́òkúta: bàbá wọn ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà, ìyá wọn ni Fúnmiláyọ̀ tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó orí. Bẹ́kọ̀, àbúrò Fẹlá tí òun náà jẹ́ dókítà, ń bẹ lẹ́wọ̀n Abacha lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé kan wà tó ní ìdí láti fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà, tiwọn ni.

Ohun tó mú un yani lẹ́nu jù ni pé Fẹlá alára kò gba kọ́ńdọ̀mù gbọ́. Ó bú u, ó sì kọrin tako ó. Olikoye ní tirẹ̀ ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985, òun ló sì wà nípò nígbà tí wọ́n kéde àwọn tó kọ́kọ́ ní éèdì ní Nàìjíríà ní 1986. Ọdún gbọ́ọrọ́ ló fi ń kìlọ̀ fún ìlú, tí ìlú ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá kan ilé rẹ̀, kò yí ohùn padà. Àwọn kan kò gbà á títí dòní, wọ́n ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Èrò tó sin Fẹlá láti Tafawa Balewa Square dé Ìkẹjà, tí wọ́n fojú bù pé ó lé ní mílíọ̀nù kan, gbọ́ òwe náà, ì báà dùn mọ́ wọn nínú, ì báà má dùn.

Ohun tó tẹ̀ lé e náà kò ṣé fojú fò. Ní 2001, Fẹ́mi ọmọ Fẹlá kọ orin “Stop AIDS” sínú àwo *Fight to Win*. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Red Hot kó àwọn olórin jọ láti tún orin Fẹlá kọ nínú *Red Hot + Riot*, kí owó tó bá wọlé lè lọ sí ìjà éèdì. Orin ẹni tó bú kọ́ńdọ̀mù ló di orin tí wọ́n fi ń pa owó gbógun ti éèdì. Mi ò mọ̀ bóyá Fẹlá ì bá bínú tàbí ì bá rẹ́rìn-ín.

Ṣé o mọ̀ pé Olikoye kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó dán irú rẹ̀ wò ní Áfíríkà? Ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, ní 1987, Kenneth Kaunda, tó jẹ́ ààrẹ Zambia nígbà náà, sọ fún aráyé pé éèdì ló pa ọmọkùnrin òun. Nígbà tí Makgatho, ọmọ Nelson Mandela, kú ní oṣù kìíní ọdún 2005, ọjọ́ náà gan-an ni bàbá rẹ̀ jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Johannesburg tó sì dárúkọ àrùn náà, ó ní bí a kò bá ń sọ ọ́ ní gbangba bí a ṣe ń sọ ikọ́ ife, kò ní dàbí àìsàn tó kù láé. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, Philly Lutaaya, olórin ará Uganda, ni mo gbé fìlà fún jù. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ òkú wọn. Lutaaya ń sọ ti ara rẹ̀, ojú ń wò ó. Ó ń lọ láti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọdé rí i bí ó ṣe ń rù, títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1989.

Ṣé o mọ̀ pé kòkòrò HIV ti ń gbé nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa àgbà? Nígbà kan rí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Amẹ́ríkà ló hùmọ̀ éèdì kí àwọn èèyàn má baà gbádùn ìbálòpọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti tọpa kòkòrò náà padà sẹ́yìn, ipasẹ̀ rẹ̀ kò sì gba ilé iṣẹ́ oògùn kankan kọjá. Ara ìnàkí ní gúúsù ìlà oòrùn Cameroon ló ti wá. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ló dà sí ojú ọgbẹ́ ọdẹ tàbí alápatà kan. Ó bá odò dé Kinshasa, níbi tó ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí 1920. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ọkùnrin kan nílùú náà ní 1959, tí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín, ni HIV tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí nínú ẹ̀jẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 1981 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó kọ nípa ọkùnrin márùn-ún kan ní Los Angeles tí àìsàn wọn kò yé ẹnikẹ́ni. Ní 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier ní Paris rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel wọn dé ní 2008. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tún ní HIV tirẹ̀, HIV-2, láti ara irú ọ̀bọ mìíràn. Ìyẹn kì í yára, kì í sì í tètè ràn.

Ṣé o mọ ìdí tí ẹ̀fọn fi lè fún ọ ní ibà tí kò sì lè fún ọ ní HIV? Kòkòrò ibà ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ẹ̀fọn: ibẹ̀ ló ti ń dàgbà, ibẹ̀ ló ti ń gun òkè lọ sínú itọ́ rẹ̀. HIV kò ní nǹkan kan tó ń wá níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n wọ̀, nítorí náà ikùn ẹ̀fọn á da á bí oúnjẹ, ó parí. Bí ẹ̀fọn bá sì tún jẹ ẹlòmíràn, itọ́ ara rẹ̀ ló ń tú sí i lára, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ ṣáájú. Bí o kò bá tilẹ̀ mọ sáyẹ́ǹsì kankan, wo àdúgbò rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀fọn ń jẹ, ìyá arúgbó ni ẹ̀fọn ń jẹ. Bí ẹ̀fọn bá ń gbé HIV kiri ni, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá ní in bí wọ́n ṣe ń ní ibà.

Síbí, ife, ṣálángá, ikọ́, bọ̀ọ́lì tí ẹ jọ ń jẹ, ìdìmọ́ra, aṣọ òkìríkà ọjà, òógùn ẹni tí ẹ jọ há mọ́ra nínú dáńfó: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kó HIV ranni. Ẹ̀jẹ̀ ni, àti àtọ̀, àti omi ojú ara, àti omi ọmú. Ìyẹn ló fà á tí abẹ fi wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ òrìṣà ní Brazil ti ro ọ̀rọ̀ abẹ yìí jinlẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa? Nínú àwọn ilé òrìṣà Candomblé tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbìn síbẹ̀, wọ́n máa ń fín gbẹ́rẹ́ fún ìyàwó òrìṣà. Nígbà tí éèdì dé, wọn kò pa gbẹ́rẹ́ tì. Iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Rio de Janeiro tí wọ́n sọ lórúkọ Odô-Yá, oríkì tí wọ́n fi ń kí Yemọja, ó sì gba ẹnu àwọn ìyálórìṣà àti bàbálórìṣà fúnra wọn kọ́ àwọn èèyàn: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abẹ tirẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi kan ara ẹlòmíràn. Wọn kò bá ẹ̀sìn jà, abẹ nìkan ni wọ́n bá jà. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi gbogbo ẹ̀bi lé onígbẹ́rẹ́ àti olóólà wa lórí, bí ẹni pé abẹ tuntun wọ́n gógó l’ọ́jà Bódìjà.

Brazil kan náà ló ṣòfin ní 1996 pé kí ìjọba máa fún gbogbo ẹni tó ní HIV ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ń sọ pé irú rẹ̀ kò ṣeé ṣe ní ilẹ̀ tí kò lówó.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn HIV àkọ́kọ́ ti jókòó sórí pẹpẹ fún ọdún mẹ́tàlélógún kó tó rí iṣẹ́ ṣe? Jerome Horwitz ló ṣe é ní Detroit ní 1964, ó fẹ́ fi wo jẹjẹrẹ. Kò wo jẹjẹrẹ. Wọ́n pa á tì. Ní oṣù kẹta ọdún 1987, oògùn náà, AZT, di èyí tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún HIV. Òun nìkan kò lágbára tó, kòkòrò náà máa ń yíra padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tó di 1996 tí wọ́n rí i pé oògùn mẹ́ta pọ̀ ló ń ká a mọ́, àwọn tí wọ́n ti ra pósí fún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ibùsùn.

Ṣùgbọ́n ta ló lè rà á? Ó lé ní 10,000 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan. Ní oṣù kejì ọdún 2001, Yusuf Hamied ti ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé òun á ta oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 350 dọ́là lọ́dún fún ẹgbẹ́ Dókítà Aláìláàlà (Médecins Sans Frontières), kò tó dọ́là kan lójúmọ́. Ayé mì. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn láti Íńdíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2002. Ẹgbẹ̀rún náírà kan lóṣooṣù ni aláìsàn ń san nígbà náà, owó tó le fún ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn á sì pín oògùn oṣù kan sí oṣù méjì, èyí tó léwu púpọ̀. Ní 2006 ó di ọ̀fẹ́. Lónìí, oògùn mẹ́ta ti wà nínú hóró kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, owó rẹ̀ fún odindi ọdún kan kò sì tó 45 dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa. Aláìsàn kì í san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn ibòmíràn owó káàdì àti owó àyẹ̀wò ṣì ń yọ́ wọlé.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù nìyí. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá a lò pọ̀? Kì í ṣe pé ó ṣòro. Kò lè ṣe é.

Wọ́n dán an wò. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan ní Yúróòpù tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, wọ́n tẹ̀ lé àwọn olólùfẹ́ méjì-méjì 888, ọ̀kan ní HIV tó sì ń lo oògùn, èkejì kò ní. Wọn kì í lo kọ́ńdọ̀mù. Wọ́n kà á pé wọ́n ti bá ara wọn lò pọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 58,000. Iye ẹni tó kó o láti ara olólùfẹ́ rẹ̀ jẹ́ òdo. Apá kejì ìwádìí náà jáde ní 2019, ó wo àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nìkan, ó sì ka nǹkan bí ìgbà 76,000. Òdo ni.

Bí o bá bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi lè dá oògùn náà dúró nígbà náà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kòkòrò náà kò kú tán. HIV dà bí ayálégbé tó yọ́ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ilé onílé. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọmọ ogun ara, ó sì ń kọ ara rẹ̀ mọ́ ìwé àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì náà. Oògùn kì í jẹ́ kí kòkòrò náà pọ̀ sí i mọ́, èyí tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ á sì tán. Èyí tó sùn sínú sẹ́ẹ̀lì á máa sùn. Bí oògùn bá dáwọ́ dúró, á jí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ lọ títí àwọn ọmọ ogun náà á fi tán, àìsàn tí kò yẹ kó gbé ọmọdé ṣánlẹ̀ á wá máa gbé àgbà ṣánlẹ̀. Ìpele yẹn la ń pè ní éèdì. Ẹni tó bá ti tètè mọ̀, tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, lè máà dé ibẹ̀ láyé rẹ̀; ó lè fi irun funfun kú, bí ojúgbà rẹ̀.

Èyí já sí pé ẹni tó yẹ kí a máa bẹ̀rù, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí a bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ìyá tó ń gba oògùn rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí ni, tó ń fọ́nnu pé ara òun le. Ìdẹ́yẹsí ló sì ń sọ èèyàn di ẹni tí kò fẹ́ ṣe àyẹ̀wò.

Ṣé o mọ̀ pé ìyá tó ní HIV lè bí ọmọ tí kò ní in, kó sì fún un lọ́mú? Láìsí oògùn, nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ bá bí, láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé márùndínláàádọ́ta ló lè kó o, nínú oyún, níbi ìrọbí tàbí nínú omi ọmú. Bí ìyá bá ń lo oògùn dáadáa, iye náà kì í tó márùn-ún. Orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fọwọ́ sí pé ó ti fòpin sí kíkó HIV láti ara ìyá sí ọmọ ni Kúbà, ní oṣù kẹfà ọdún 2015.

Kúbà kan náà ni! Ní 1986, Kúbà ń kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí HIV lára rẹ̀ lọ sí ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Los Cocos, ní Santiago de las Vegas lẹ́bàá Havana, kò sì sí ọ̀nà àbájáde àfi bí ìjọba bá fẹ́. Wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n ń gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n àhámọ́ ni àhámọ́ ń jẹ́. Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìlú Santiago de las Vegas yìí náà ni ṣọ́ọ̀ṣì El Rincón wà, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń fi orúnkún wọ́ lọ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá ọdọọdún láti bá San Lázaro sọ̀rọ̀, ẹni tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Kúbà, mọ̀ sí Babalú Ayé, Ọbalúayé tiwa. Ilé àwọn adẹ́tẹ̀ ló ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ìlú ń sá fún láyé àtijọ́ àti àwọn tí ìlú ń sá fún láyé òde òní ṣe di aládùúgbò ara wọn, Ọbalúayé sì ń bẹ láàárín wọn.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ní ẹ̀gún kan tí kì í hàn lójú ìwé ìṣirò. Ìyàwó ló ń lọ sí ìtọ́jú aláboyún, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nítorí náà ìyàwó ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ mọ̀ ni ìdílé ọkọ máa ń sọ pé ó kó o wọlé, bó ti wù kí ọkọ ti rìn jìnnà tó kó tó gbé e níyàwó. Ìwádìí NAIIS, tó kan nǹkan bí ilé 100,000 káàkiri Nàìjíríà tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, fi hàn pé nínú àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49, ìpín obìnrin tó ní HIV lé ní ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Ara obìnrin ni kòkòrò náà ń tètè wọ̀ nígbà ìbálòpọ̀. Ẹ̀rí ìwà ìṣekúṣe kọ́ nìyẹn. Ìwádìí yẹn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ìpín 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49 ló ní HIV, àti pé èèyàn mílíọ̀nù 1.9 ló ní in ní gbogbo Nàìjíríà, kò pọ̀ tó bí a ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé adájọ́ kan ní Èkó ti kọ̀ kí obìnrin kan wọ ilé ẹjọ́ wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ pè? Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ní 1995 ó lóyún, eéwo sì yọ sí i lára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ fún un pé ó ní HIV, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Oyún náà bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Wọn kò fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe èyí, ẹ jọ̀wọ́, dókítà ni wọ́n.

Ó pẹjọ́ ní 2000. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e tó yẹ kó wá jẹ́rìí, adájọ́ ní àfi kí onímọ̀ kan kọ́kọ́ wá fi dá òun lójú pé obìnrin náà kò ní kó àrùn ran àwọn tó jókòó sí ilé ẹjọ́. Láti orí àga, láti orí afẹ́fẹ́! Ó di ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìdájọ́ kò jáde títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, lọ́wọ́ adájọ́ mìíràn ní Ìkẹjà: dídá a dúró kò bófin mu, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ kò bófin mu, kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n lé e. Ó ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ, ìyẹn gan-an ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àwọn tó lé e bí ẹni pé ó máa tó kú kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ní 2014, Nàìjíríà ní òfin tó de irú ìwà yìí. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó gbà á síṣẹ́. Ilé ìwé kò gbọdọ̀ lé ọmọ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú àṣírí èsì ẹlòmíràn láìgba àṣẹ rẹ̀. Òfin náà wà. Èèyàn tó mọ̀ pé ó wà ni kò pọ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, bí wọ́n ṣe ń gba ti jẹ́nótáìpù. Kí àfẹ́sọ́nà méjì mọ ipò ara wọn dára púpọ̀, èmi náà á gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni ohun tí èsì náà ń wá nínú fáìlì akọ̀wé ìjọ.

Díẹ̀ nínú àwọn kéékèèké. Ṣé o mọ̀ pé ìdí tí Ọjọ́ Éèdì Àgbáyé fi bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni pé òṣìṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé méjì, James Bunn àti Thomas Netter, ń wá ọjọ́ tí àwọn oníròyìn kò ní ní nǹkan gidi kan ṣe? Ìdìbò Amẹ́ríkà ti 1988 á ti parí, Kérésìmesì kò sì ní tíì dé. Rìbọ́nì pupa náà jáde ní 1991 láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán New York. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, Diana, ìyàwó àrólé ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bọ aláìsàn éèdì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London láìwọ ìbọ̀wọ́, ìròyìn ayé sì sọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn títí. Bí o bá jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà ayé *I Need to Know* lórí tẹlifíṣọ̀n, Funke Akindele tó ṣe Bísí ni wọ́n fi kọ́ ọ nípa àwọn àrùn ìbálòpọ̀, kó tó di Jẹ́nífà.

Èyí tó kẹ́yìn. Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ti wà báyìí tí ẹni tí kò ní HIV lè gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé HIV kò ní lè wọ̀ ọ́ lára? Lenacapavir ni orúkọ rẹ̀. Ní 2024, wọ́n dán an wò lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní South Africa àti Uganda. Nínú 2,134 tó gbà á, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n sì ti ṣèlérí pé láti 2027 àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà á máa ta á ní nǹkan bí 40 dọ́là lọ́dún fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀.

Oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ti wà tipẹ́, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá lò ó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin kò lè lò ó. Ike oògùn máa ń ró. Nínú ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, ará yàrá kejì á gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ á rí i lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì ní bèèrè bóyá oògùn ààbò ni tàbí oògùn ìtọ́jú. Àwọn tó ní HIV ti mọ ìyà yìí ṣáájú: wọ́n ń da hóró oògùn sínú ọ̀rá kí ó má baà dún, wọ́n ń wọkọ̀ kúrò ní Ìbàdàn lọ gba oògùn ní Abẹ́òkúta, kí ojúlùmọ̀ má baà pàdé wọn lórí ìlà. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn obìnrin fi fẹ́ràn abẹ́rẹ́ tuntun yìí ni pé bí nọ́ọ̀sì bá ti yọ abẹ́rẹ́, kò sí ike, kò sí hóró, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tú àpò rí fún oṣù mẹ́fà. Mo yọ̀ mọ́ àwọn tó ṣe é. Àmọ́ apá kan nínú ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é, nítorí ìyá ọkọ ni.